Katakata tó ń kú, tó tún ń jí fúnra ẹ̀

Katakata Massey Ferguson 135 ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò lóko wọn lápá Ìsẹ́yìn. Ọdún 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀ ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá wò ó, ó ṣì ń túlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sílíńdà mẹ́ta ló wà nínú tiwọn, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀.

Àmọ́ ó yọ wá lẹ́nu o. Á máa ṣiṣẹ́ lọ dáadáa, tó bá yá agbára ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, á máa hu bí ẹni tí èémí fẹ́ tán, ó kú nìyẹn. Ẹ sítáátì ẹ̀ títí, kò ní dáhùn. Ẹ lọ mu gàrí, ẹ padà dé, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà! Ọjọ́ mìíì á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, ọjọ́ kejì kò ní tíì jìnnà tó fi máa kú. Màmá wa tiẹ̀ ti ń sọ pé kí wọ́n lọ gbàdúrà sí i.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ dé ní injector pump, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń ti dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, ti jẹ, ká lọ ra tòkunbọ̀. Ẹ̀rù owó yẹn bà mí jàre. Lóòótọ́, pọ́ǹpù tó ti jẹ kì í fẹ́ sítáátì tó bá ti gbóná, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi akísà tútù bò ó díẹ̀ (ẹ má da omi sí i lára tó bá ń ṣiṣẹ́ o, ó lè gan), ó máa ń gbà. A bo tiwa, kò yí padà.

Ohun tí mo rò ni pé dísẹ́ẹ̀lì, atẹ́gùn àti kọ̀mpíréṣọ̀n (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀) lẹ́ńjìnnì yẹn ń fẹ́, kọ̀mpíréṣọ̀n ò sì lè lọ kó padà wá torí ẹ lọ mu gàrí. Dísẹ́ẹ̀lì ni ò dé. Tó bá ti kú, ẹ má jẹ bátìrì tán, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ tẹ lífà ara lìfíìtì pọ́ǹpù, ìyẹn pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú tánkì (tí lífà yẹn bá rọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kámù, irin tó ń yí tó sì ń ti pọ́ǹpù náà, ló gbé e dúró), ẹ wá wo bóyá dísẹ́ẹ̀lì ń tú jáde àbí ìfófòó ló pọ̀ jù. Tiwa ń kán tó, tó.

La bá ṣí tánkì. Ó fa afẹ́fẹ́ fúùù!

Ìdérí ẹ̀ ti sọnù tipẹ́, dírẹ́bà ti fi làílọ́ọ̀nù onípele méjì bo ẹnu ẹ̀, ó fi rọ́bà túúbù dè é gbọingbọin kí eruku má wọlé. Ìdérí gidi máa ń ní ihò tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń lọ. Níbi tí kò bá ti wọlé, tánkì á máa fa dísẹ́ẹ̀lì padà mọ́ra, lìfíìtì pọ́ǹpù ò sì lágbára tó láti bá a jà. Bẹ́ ẹ ṣe ń sinmi, afẹ́fẹ́ ń rá wọlé díẹ̀díẹ̀, ó jí. Ìdí tí kò fi lọ́jọ́ kan pàtó rèé: tánkì tó kún dẹ́nu ò láàyè afẹ́fẹ́ púpọ̀, kíá ló máa fún, èyí tó ti dé ìdajì á pẹ́ kó tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n bá rọ dísẹ́ẹ̀lì kún un gan-an ló sì máa ń dààmú wọn jù, tí wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì yẹn ni ò da!

Nígbà tá a yọ làílọ́ọ̀nù, kò kú mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣe rìrì díẹ̀díẹ̀. Wọ́ṣà kan níbi páìpù tó ti tánkì wá sí lìfíìtì pọ́ǹpù ló ti fẹ́, ibẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́. A pààrọ̀ ẹ̀, a lé afẹ́fẹ́ jáde, ó parí. Wẹ́dà bá wa ṣe ìdérí, ó jó páìpù kékeré mọ́ ọn tí ẹnu ẹ̀ kọjú sílẹ̀ torí òjò. Owó tòkunbọ̀ yẹn, a fi ra dísẹ́ẹ̀lì.