Ká ní ẹ̀rọ yẹn wà

Lálẹ́ àná, mo ń ka ìtàn tí mò ń kọ sí ọkọ mi létí. Obìnrin kan ni, ọ̀rọ̀ ẹbí ti da àárín òun àti ọkọ rẹ̀ rú, ló bá lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yọ ìrántí, ó ní kí wọ́n bá òun yọ ọjọ́ tí ìjà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Àṣé ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn lójú ẹbí. Ìyẹn náà bá a lọ.

Ọkọ mi ní kí n dúró ná. Ó ń fi àtàǹpàkò yí òrùka ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ká ní ẹ̀rọ yẹn wà, ṣé wàá ní kí wọ́n yọ ọjọ́ tí Màmá lé ẹ jáde?"

Mo sá sẹ́yìn sáyẹ́ǹsì (ibẹ̀ ni mo máa ń sá sí). Mo ní lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, fi ìmọ́lẹ̀ gbin ìrántí èké sínú ọpọlọ eku, eku wá ń bẹ̀rù ibi tí nǹkan kan ò ti ṣe é rí.

"Mi ò bi ẹ́ léèrè eku."

Ẹ̀rín pa mí, ló bá di ẹkún. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òjò tó pa wá lọ́jọ́ náà, bàtà mi lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló so mọ́ra.

Màmá pè láàárọ̀ yìí. Mo gbé fóònù náà fún ọkọ mi.