Ohùn orin ṣáájú, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e: Harold Arlen àti Yip Harburg

Arlen ló gbé ohùn orin "Over the Rainbow" kalẹ̀ fún The Wizard of Oz, fíìmù tí ilé-iṣẹ́ MGM ní Amẹ́ríkà ṣe ní 1939, kí Harburg tó wá ọ̀rọ̀ sí i. Ìró méjì àkọ́kọ́ fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, odindi octave kan, ìyẹn láti dò dé dò tó tẹ̀ lé e lókè. "Somewhere" ni Harburg fi sí i. Ó bá a mu gan-an: fáwẹ̀lì tó ṣeé fà gùn ló bọ́ sórí ìró òkè. Ká ní ọ̀rọ̀ tó ń tètè pa ẹnu dé ni, ohùn akọrin ì bá há.

Apá àárín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró méjì tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ọmọdé tó ń kọ́ dùùrù. Ibẹ̀ dùn mọ́ mi jù.

Ní Yorùbá, àmì ohùn kì í gbà bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ohùn ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá ohùn orin lọ. Lórí ìfò yẹn, "ìlú" á wọlé, torí òun náà ń lọ láti ìsàlẹ̀ sókè. "Ìgbà" kò ní wọlé, torí ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ méjèèjì wà.