Ṣíṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ

Kò síná látàárọ̀, fóònù mi ti kú, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè kọ ọ̀rọ̀ tó ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Màmá kan ní kọ́ḿpáùndì wa rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé báàgì júdò ẹ̀ (ìjàkadì àwọn ará Japan) kọ́ èjìká tó ń jáde lọ, ni wọ́n bá ní ọmọ tó ń lu ọmọ ọlọ́mọ ní súkúù yìí náà lẹ tún ń sanwó fún kí wọ́n lọ kọ́ ní ìjà, àbí epo lẹ fẹ́ bù síná ni? Mi ò bínú sí wọn o. Ẹni tó bá mọ ọmọ yẹn lọ́dún tó kọjá máa béèrè irú ẹ̀.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi lọ sí súkúù títí ojú fi ń tì í láti wọ géètì ibẹ̀. Bàbá ọmọ náà ti bá iṣẹ́ lọ sí Àbújá, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, àwọn ọmọ páàkì sì ti ń rán ọmọ yẹn níṣẹ́, torí irú ọmọ tó lè jà tí ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń wá. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà mí. Ọmọ yẹn ò burú, ó ń wá ẹni tó máa kà á sí èèyàn ni, àwọn yẹn ló sì kọ́kọ́ kà á sí.

Tí èèyàn bá ń wo júdò lórí tẹlifíṣọ̀n, gbígbé èèyàn ṣánlẹ̀ ló máa rí, àmọ́ ṣíṣubú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ukemi ni orúkọ tí àwọn ará Japan ń pè é. Bó o ṣe máa fi àgbọ̀n kan àyà kí orí má bàa gbá ilẹ̀, bó o ṣe máa na apá lu mátì lásìkò tí ẹ̀yìn ẹ ń kanlẹ̀ kó má bàa dùn ẹ́ jù, bó o ṣe máa yí gbirigbiri tí wàá sì dìde. Wọ́n á ṣubú síwájú, wọ́n á ṣubú sẹ́yìn, wọ́n á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kódà àwọn ọ̀gá tó ti ní bẹ́líìtì dúdú náà ń ṣe é. Ọmọ tí ò lè gbà kí wọ́n fi èjìká gbá a ní kọ́ridọ̀ súkúù, òun náà ló ń fi ara ẹ̀ sílẹ̀ báyìí kí ọmọbìnrin tí ò ga tó o gbé e lulẹ̀, á dìde, á tẹríba fún un, ó tún kan tiẹ̀. Èyí ló wú mi lórí jù nínú júdò. O ò lè dá a kọ́. Ẹnì kan ní láti yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún ẹ kó o fi kọ́ṣẹ́, ìwọ náà á yọ̀ǹda tìẹ fún un, o ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é léṣe, torí tó o bá ṣe é léṣe lónìí ta lo máa bá ṣe é lọ́la? Tíṣà ni Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, ó sì kọ́ wọn pé kí èmi jèrè kí ìwọ náà jèrè. (Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n, nínú ìjàkadì ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú nìyẹn, wọn ò tún ní máa lù ú mọ́lẹ̀.)

Rafaela Silva, obìnrin Brazil kan tó ń ja júdò, ni mo fi dá màmá yẹn lóhùn. Cidade de Deus ní Rio de Janeiro ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1992, àdúgbò tí ìbọn ti ń ró, ọmọdé ni nígbà tó ti ń bá àwọn ọmọkùnrin jà ní títì, làwọn òbí ẹ̀ bá mú òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò. Geraldo Bernardes, kóòṣì tó ti kọ́ ẹgbẹ́ Brazil rí, ló gbà á tọ́, tó sì dúró tì í ní Instituto Reação tí Flávio Canto tó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú júdò ní Olympic 2004 dá sílẹ̀ fáwọn ọmọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé Olympic London lọ́dún 2012, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ Hungary tí wọ́n jọ ń jà, òfin ò sì gba ìyẹn mọ́, wọ́n lé e kúrò, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn èèyàn ti ń pè é ní ọ̀bọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún 20 o! Ìbànújẹ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fẹ́ jáwọ́ pátápátá. Wọn ò jẹ́ kó lọ. Ọdún 2013 ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nílé, obìnrin Brazil àkọ́kọ́ tó máa gbà á nínú júdò, nígbà tó sì di 2016 ó gba góòlù Olympic ní Rio níbẹ̀, góòlù àkọ́kọ́ tí Brazil gbà nínú Olympic yẹn, ó sì na ọmọ Hungary yẹn kan náà lọ́nà. Wọ́n fún un ní ìyà ọdún 2 nítorí oògùn tí wọ́n bá lára ẹ̀ lọ́dún 2019, ó tún padà wá gba ife àgbáyé lọ́dún 2022. Nítorí náà mi ò sọ pé júdò ń sọ èèyàn di áńgẹ́lì.

Mi ò sì sọ pé júdò nìkan ló ń ṣe é. Ẹ wo Popole Misenga, ọmọ Kóńgò, ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ogun yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ẹ̀, ọjọ́ 8 ló lò nínú igbó kí wọ́n tó rí i, wọ́n gbé e lọ sí Kinshasa, ibẹ̀ ló ti kọ́ júdò, ó ní júdò ló fún òun ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmọ́ ó tún sọ pé tóun bá ti pàdánù ìdíje, inú àgò ni àwọn kóòṣì òun ń tì òun mọ́. Júdò kan náà! Nígbà tí wọ́n lọ jà ní Rio lọ́dún 2013, ó sá kúrò nínú ẹgbẹ́, nígbà tó yá Bernardes yìí kan náà ló gbà á sọ́dọ̀, ó sì jà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Olympic 2016, ó na ẹnì kan níbẹ̀. Mátì ò yàtọ̀, aṣọ ò yàtọ̀, ọwọ́ tó bọ́ sí ló yàtọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ lọ jókòó wo kóòṣì ọmọ yẹn dáadáa ká tó san kọ́bọ̀. Mo fẹ́ rí ohun tó máa ṣe tí ọmọ bá ṣe àṣìṣe. Ó pe ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó tún un ṣe, kò lù ú, kò bú u níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá jà níta ò ní wọ aṣọ júdò lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wá jókòó kó máa wò. Tí ọmọ kan ò bá wá, á pe ilé. Ó ń béèrè káàdì súkúù wọn pẹ̀lú.

Lánàá ẹnì kan ní súkúù fa ọmọ wa lọ́rùn aṣọ, ó ní "Àǹtí, mo kàn di ọwọ́ ẹ̀ mú títí tó fi sú u ni." Mo béèrè pé ṣé inú ò bí i, ó ní ó bí òun gan-an, àmọ́ òun ò fẹ́ lọ jókòó máa wòran lọ́sẹ̀ yìí. Ìyẹn tó mi fún báyìí.

Ìdánwò bẹ́líìtì yẹ́lò wọn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bàbá ẹ̀ ti ní òun á wálé fún un.