Ẹṣin eré ìje ní ilẹ̀ igbó: òwúrọ̀ kan lẹ́yìn Àkúrẹ́

Nígbà tí mo lọ sí Àkúrẹ́ nínú ọyẹ́ tó kọjá, òkè Ìdànrè ni gbogbo ènìyàn ní kí n lọ wò, ṣùgbọ́n ẹṣin ni èmi ń wá. Ní ìkọjá Ọ̀bà-Ilé, níbi tí ilé ti ń tán tí oko kòkó kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ́ ilé ẹṣin sí orí ilẹ̀ gbalasa kan, ó sì ń sin ẹṣin eré ìje níbẹ̀. Apá Òkè Ọya ni ó ń kó wọn lọ fún ìdíje, nítorí pé pápá eré ẹṣin tó wà ní Èkó ti di Tafawa Balewa Square láti ọdún 1972. Ọmọ Ìlọrin kan tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni ó ń darí iṣẹ́.

Ilẹ̀ igbó kì í ṣe ilé ẹṣin. Àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya, fi ẹṣin ṣe bí wọ́n ti fẹ́ ní pápá ọ̀dàn, àmọ́ bí wọ́n bá ti wọ inú igbó ni ọ̀ràn ń yí padà: igi kò jẹ́ kí ẹṣin ráyè sáré, eṣinṣin tsetse tí ń mu ẹ̀jẹ̀ sì ń kó àrùn ràn án, àrùn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ tí yóò sì máa rù títí yóò fi kú. Abẹ́rẹ́ wà fún un lónìí. Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí igbó kankan hù nítòsí ilé ẹṣin yìí, Bàbá Ẹlẹ́ṣin a sì máa bínú gidigidi bí ó bá rí koríko tó ga kọjá kókósẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí agogo márùn-ún tó lù. Bàbá mú iná tọ́ọ̀ṣì, ó ń wọ yàrá ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ́kọ́ yẹ inú ọpọ́n oúnjẹ wò, nítorí pé ẹṣin tó bá ṣẹ́ oúnjẹ alẹ́ kù ní ohun tí ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú láti orúnkún dé pátákò, níbi tí iṣan gbọọrọ wà. Ó dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀ abo ẹṣin pupa kan.

Ó ní, “Ọmọ mi, bí ó bá ń gbóná níbẹ̀, ọwọ́ á ti gbọ́ kí ẹsẹ̀ tó wú.”

Abo ẹṣin náà kò sáré lọ́jọ́ yẹn. Ìrìn nìkan ni wọ́n fà á rìn. Ní ti àwọn tó kù, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gbọn eruku ara wọn, wọ́n di gàárì mọ́ wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ pa irin ìjánu kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó fi sí wọn lẹ́nu, nítorí pé òtútù ọyẹ́ ti mú irin náà.

Ẹni tó bá retí eré àsápajúdé, yóò kọ́kọ́ sú u. Ìrìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsáré kékeré, kí wọ́n tó wá jẹ́ kí àwọn ẹṣin náà na ẹsẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lápá ẹ̀yìn ilẹ̀ náà. Wọn kì í tú ẹṣin sílẹ̀ kí ó sá gbogbo eré inú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé egungun àti iṣan a máa pẹ́ ju ẹran ara lọ kí wọ́n tó le. Àgbà ẹṣin dúdú kan ni wọ́n fi síwájú, àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé e. Ṣé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré? Ọ̀kan nínú wọn kò wo ẹnikẹ́ni, inú àgbàdo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó gbà.

Ìgbà tí wọ́n padà dé ni mo gbádùn jù. Ihò imú nìkan ni ẹṣin fi ń mí, kì í mí gba ẹnu, nítorí náà imú wọn ṣí gbàràgàdà, ooru sì ń rú lára wọn nínú ọyẹ́. Bàbá fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú, ó ń ka bí ọkàn ti ń lù. Ọkàn ẹṣin tó ń sinmi a máa lù tó ìgbà 30 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan, nínú eré gidi ó lè kọjá 200, ẹṣin tó bá sì le dáadáa ni tirẹ̀ ń tètè rọlẹ̀. Èyí ni Bàbá fi ń mọ ẹni tó ti tó lọ ìdíje, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dé òkè. Wọ́n tún fà wọ́n rìn títí èémí fi balẹ̀, wọ́n da omi sí wọn lára, wọ́n fún wọn ní omi tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, nítorí pé iyọ̀ pọ̀ púpọ̀ nínú òógùn ẹṣin. Ọkà bàbà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí ọkọ̀ kó wá láti Òkè Ọya ni oúnjẹ wọn. Mo wo òkìtì àpò náà, n kò sì bèèrè iye owó.

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kí ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ onílé, kí ó sì sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú. Kí ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ó má tan iná fóònù sójú ẹṣin, kí ó má sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ rárá. Bí ó bá fi di agogo mẹ́sàn-án, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà á ti wà nídìí ìrẹsì, àlejò tó sùn jù kò sì ní bá nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí wọ́n wá kó ìgbẹ́ ẹṣin.