Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n da omi sórí bulọ́ọ̀kù mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní architecture tẹ́ ẹ ń mú topic lọ́wọ́ báyìí, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ya ilé tí ará àdúgbò máa lò, tí kì í ṣe ilé olówó o, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ara yín ni pé tó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe? Ẹ má tíì dárúkọ sólà, ẹ má tíì dárúkọ atẹ́gùn, ẹ má tíì ṣí Revit tá a fi ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà rárá. Ta ló máa tún un ṣe? Mo máa tún un sọ títí tó máa fi sú yín, ẹ má bínú.

Fún project mi nílé ìwé, ibi iṣẹ́ àwọn aláró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ni mo yà. Ẹni tó bá ti lọ ra kàm̀pálà níbẹ̀ rí mọ bó ṣe rí, àpáta lábẹ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀, aṣọ so rọ̀ káàkiri, omi aró dúdú ń ṣàn nínú gọ́tà lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Àwọn tó ń ṣe ẹlẹ́kọ ṣì wà, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ, ṣùgbọ́n àbẹ́là àti kọ́sítíìkì, sódà líle tí wọ́n ń pò mọ́ aró, ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, pàánù wà lókè láìsí sílìn, ọ̀sán gangan. Ẹ lọ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé sustainable design, ìyẹn ká ya ilé tí ò ní ba àyíká jẹ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó.

Ohun tí mo yà ò le. Ògiri yẹ̀pẹ̀ pupa, laterite tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ pò, bíi 5% sí 10%, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọn ò ní sun ún níná, wọ́n á máa wọ́n omi sí i kó tó gbẹ. Ṣebí NBRRI, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, ní ibi ìwádìí ní Ọ̀tà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti ń ṣe irú bulọ́ọ̀kù yìí tipẹ́, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn lára ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa kọ lù ú, òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má na ògiri, àlàfo wà láàárín sílìn ọparun àti pàánù kí ooru lè gbabẹ̀ jáde. Àárín ilé ṣí sílẹ̀ bíi ti agbo ilé àwọn bàbá wa, kí wọ́n lè máa sá aṣọ síbẹ̀, kí wọ́n máa rí ojú ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. (Ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra sìmẹ́ńtì o, Ewékorò tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ò jìnnà sí wa, àwọn ará wa ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 8% nínú gáàsì carbon tí ọmọ èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń ti ọ̀dọ̀ sìmẹ́ńtì wá, tí èèyàn bá lè lo díẹ̀, kó lo díẹ̀.)

Kí n tó dé jury, ìyẹn ọjọ́ tá a máa ń gbé iṣẹ́ wa síwájú àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ni mo ti gbé drawing lọ bá àwọn màmá aláró náà. Pọ́ǹpù sólà kan wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn tó máa fa omi padà kí wọ́n lè tún un lò. Màmá àgbà kan wò ó pẹ́, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?" Mo ní àwọn ẹ̀ńjíníà á wá ṣe é. Ó ní láti ibo? Mo ní láti Èkó. Àní wọ́n rẹ́rìn-ín! Ó wá nawọ́ sí táǹkì bọ́ọ̀hóò kan tí ẹnì kan gbẹ́ fún wọn nígbà ìbò, aláǹgbá ló ń gbé orí rẹ̀, ó ní omi rẹ̀ ò pẹ́ tó fi dákẹ́, nǹkan kékeré kan ló jó nínú ẹ̀rọ, àwọn ò mọ ẹni táwọn máa pè, ẹni tó gbẹ́ ẹ sì ti wọlé ìbò tán.

Bí téébù mi, àtẹ tí mo kọ ẹni tó máa tún nǹkan ṣe sí, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé náà sílẹ̀, bulọ́ọ̀kù, ìlẹ̀kùn, pàánù, ìdérí gọ́tà, ohun gbogbo. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ irú oníṣẹ́ tó máa tún un ṣe láàárín Abẹ́òkúta níbí, ibi tí wọ́n ti máa ra ohun èlò, àti inú owó wo ló máa ti jáde, torí wọ́n ń dá àjọ. Ohun tí mi ò bá ti rí ẹni tó máa tún un ṣe, mo yọ ọ́ kúrò. Pọ́ǹpù lọ. Àwọn fèrèsé aláfọwọ́yí tó dáa lójú yẹn náà lọ. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú project mi nìyẹn, òun náà ni ẹnì kankan ò kà.

Ọjọ́ jury. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Mo ti lẹ àwọn A1 mi, ìwé ńlá tá a ń tẹ drawing sí, mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ mọ iye tí wọ́n ń tẹ A1 báyìí, mi ò sọ nǹkan kan. Mo gbé model sórí tábìlì, mo gbé bulọ́ọ̀kù gidi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án. External yìí, olùdánniwò tó wá láti ìta, wọlé, mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, mi ò sì ní sọ ilé ìwé. Kò ka nǹkan kan. Ó ní, "Ilé amọ̀ rè é?" Mo ní rárá sà, laterite tá a fi sìmẹ́ńtì pò ni sà. Ó ní, "Mo ní ilé amọ̀ ni. Ìgbà táwọn èèyàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ilé amọ̀, ìwọ fẹ́ dá wọn padà sí abúlé, àbí?" Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ó gbé ike omi rẹ̀, ó ṣí i, ó ní ká jọ wò ó bóyá ó máa dúró de òjò, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí bulọ́ọ̀kù náà, ó rọra ń dà á, ó ń wo ojú mi.

Bulọ́ọ̀kù náà ò ṣe nǹkan kan o! Ó pọ́n dúdú díẹ̀, ó mu ìwọ̀nba omi tó lè mu, ó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó kù gba orí tábìlì lọ sábẹ́ model mi. Strawboard, páálí lásán, ni mo fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń wú, ògiri kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òrùlé tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn kéékèèké tí mo fi rézọ̀ gé, tí mo so gèlè fún kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn màmá aláró ni, gọ́ọ̀mù wọn tú, ọ̀kan léfòó lórí omi títí dé etí tábìlì, ó jábọ́ sílẹ̀. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àwọn lẹ́kíṣọ́rà nìkan, àwọn ọmọ kíláàsì mi náà rẹ́rìn-ín, àwọn tá a jọ ń sùn sí sítúdíò. Supervisor mi ń wo fóònù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tèmi wà lọ́jà, ó ń wo WhatsApp. Mo fi síkáàfù mi nu tábìlì. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń nu ún, ṣebí èmi kọ́ ni mo da omi. Wọ́n ní kí n lọ re-present. Téébù mi wà lórí bọ́ọ̀dù ìkẹyìn, external yẹn ò tiẹ̀ rìn débẹ̀.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé mo gbé e gbóná jù, pé jury ni jury, pé ojú ń rí nǹkan ní architecture. Mo gbọ́. Ẹ sọ pé iṣẹ́ mi ò dáa, mo gbà, ẹ sọ ìdí. Ká da omi sórí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìyẹn ńkọ́?

Mo sunkún, mo sùn, mo kọ́ model míì, mo re-present níwájú àwọn ẹlòmíì, mo pass. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wá. Àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ bulọ́ọ̀kù yín sómi fúnra yín. Nígbà kejì, inú báàkẹ́ẹ̀tì ló ti sùn mọ́jú, mo gbé e wọlé pẹ̀lú omi rẹ̀, mo yọ ọ́ níwájú wọn, mo dúró lé e lórí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ abúlé.

Ìkejì, ẹ mọ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú yín. Bàbá Demas Nwoko fi laterite àti sìmẹ́ńtì kọ́lé, ilé ìjọsìn àwọn Dominican tó yà wà ní Ìbàdàn, ọkọ̀ èrò lásán lẹ máa wọ̀ débẹ̀, wọ́n sì fún Bàbá ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ architecture ní Venice lọ́dún 2023. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ilé ìwé tó fi amọ̀ kọ́ sí abúlé rẹ̀ ní Gando parí ní 2001, ó gba àmì ẹ̀yẹ Aga Khan ní 2004, nígbà tó di 2022 ó gba Pritzker, àmì ẹ̀yẹ ńlá àwọn ayàwòrán ilé, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, àwọn ará Gando ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, torí náà wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ mi náà ni. Hassan Fathy ní Íjíbítì, ó fi amọ̀ kọ́ abúlé New Gourna láwọn ọdún 1940, ilé tó rẹwà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún kọ̀ láti kó wọlé, torí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà. Ẹwà ò fipá kó èèyàn wọlé.

Ìkẹta, ẹ má purọ́ nípa omi aró. Mo ti rí project tí wọ́n ti kọ ọ́ pé yanrìn àti èédú máa sọ ọ́ di mímọ́. Yanrìn lè gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, èédú lè gba díẹ̀ nínú àwọ̀, kọ́sítíìkì á kọjá lára àwọn méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan kíkan pa á kó tó wọ gọ́tà. Ta ló sì máa máa ra nǹkan kíkan náà? Ta ló máa máa kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú ihò? Bí kò bá sórúkọ ẹnì kan nínú téébù, ihò yẹn á kún, á di ilé ẹ̀fọn.

Ìkẹrin ni pé ta ló máa tún un ṣe. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Wọn ò tíì kọ́ ilé náà o, owó ò sí. Gọ́tà nìkan ni wọ́n fi owó àjọ ṣe, pẹ̀lú ìdérí kéékèèké tí èèyàn méjì lè gbé, bó ṣe wà nínú drawing. Ọ̀kan fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gun orí rẹ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀, bíríkìlà ti bá wọn rọ òmíràn, ó ti gbẹ, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Kò sẹ́ni tó pè mí. Inú mi dùn, ó tún ká mi lára díẹ̀ pé wọn ò pè mí.