Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá àdúgbò l'Ékòó

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Mushin, Bàrígà, Súrùlérè àti Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń béèrè bí èèyàn ṣe lè bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ láìfi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin fàyè gbà á. Special Constabulary ni orúkọ ẹ̀ka náà. Ó wà nínú Òfin Ọlọ́pàá tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù September 2020, ó sì ti wà nínú òfin àtijọ́ tí ìyẹn rọ́pò. Télọ̀ lè ṣe é, tíṣà lè ṣe é, ìyá tó ń ta aṣọ ní Bàlógùn náà lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ yín ni pé ẹ mọ àdúgbò yín: ẹ mọ ilé tó ní ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ mọ ọmọ ta ni ta ni. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí ẹ mọ gbogbo èèyàn yìí kan náà ló máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, bí ẹ kò bá ṣọ́ ọ.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ Lagos Neighbourhood Safety Corps o. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2016, nígbà Gómìnà Akinwunmi Ambode, iṣẹ́ olówó oṣù sì ni. PCRC náà yàtọ̀: ìgbìmọ̀ tó ń so ará àdúgbò pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá ni, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́pàá. Ẹni tó bá wọ Special Constabulary ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò, kò sì sí owó oṣù níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ mìíràn tó ń bọ́ ọ, mi ò gbà á nímọ̀ràn pé kó wọ̀ ọ́. Ebi ló ń mú kí aláṣọ ìjọba máa nawọ́ sí awakọ̀ dánfó, ará àdúgbò kì í sì í gbàgbé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba èèyàn lọ́dún 2020, ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí èèyàn wà láàárín ọmọ ọdún 21 sí 50, kó máa gbé àdúgbò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ sí, kó ní ohun tó ń ṣe jẹun, kí ara rẹ̀ le, kó má sì ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn. Àwọn ọba, baálẹ̀ àti aṣáájú àdúgbò wà lára àwọn tó ń yẹ orúkọ wò. Àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àdúgbò yín ni kí ẹ lọ. Ẹni tó ń gbé Adéníji Àdèlé kò ní nǹkan ṣe ní Sábó. Ẹ mú NIN, fọ́tò pélébé, ìwé ẹ̀rí iléèwé àti orúkọ oníduùró méjì lọ, kí ẹ sì ní kí DPO fúnra rẹ̀ sọ bóyá wọ́n ń gba èèyàn lásìkò yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá ra fọ́ọ̀mù, gbájúẹ̀ ni.

Ohun èlò kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì, fèrè, aṣọ òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, fóònù tí iná rẹ̀ kún, bírò méjì, àti ìwé kékeré tó wọ àpò. Ìwé yẹn ni mo kà sí ju gbogbo wọn lọ. Kí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹ má sì ya ọ̀kankan kúrò. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ aago àti ọjọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Ẹ má fi ibi ìṣẹ̀lẹ̀ mọ sórí nọ́ńbà ilé, torí ojúlé 14 lè ju ẹyọ kan lọ ládùúgbò kan. Ẹ fi àmì kún un: ìdojúkọ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà. Ohun tí ojú yín rí, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún yín. “Ó sáré jáde láti inú ọjà, ó mú báàgì dúdú dání” ni ojú rí. “Ó jí báàgì” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ síwájú rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Bí wọ́n bá mú olè ládùúgbò, èrò tó pé lé e lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹnìkan lè ti gbé táyà dé. Ẹ má dá lọ. Kí ẹnìkan kọjú sí èrò, kí ẹnìkejì wà lọ́dọ̀ àfurasí. Ibí yìí gan-an ni mímọ àdúgbò ti wúlò: ẹ wá àgbà jù lọ níbẹ̀, ẹ kí i, ẹ sì bẹ̀ ẹ́. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá àwọn ọmọ yìí dúró.” Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí jù lọ lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba tètè máa ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àfurasí wọ ọgbà tó ní géètì, ẹ ti géètì náà, ẹ pe 112 tàbí 767. Ọ̀fẹ́ ni ìpè méjèèjì. Ẹ sọ bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ yín jù kí ẹ tó sọ orúkọ òpópónà.

Ẹ má gbé e sáàárín yín lórí ọ̀kadà lọ sí téṣọ̀n. Ó lè bẹ́ sílẹ̀, ẹ sì lè jọ ṣubú. Láti June 2022 sì ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Lagos Island, Lagos Mainland, Súrùlérè, Ìkẹjà, Àpápá àti Ẹ̀tì-Ọ̀sà, ó sì fi mẹ́rin mìíràn kún un, títí kan Mushin, ní September ọdún náà. Aṣọ iṣẹ́ kò yọ yín sílẹ̀ nínú òfin yẹn. Ẹ má sì tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù yín, tàbí mọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ onílé, kí ilẹ̀ fi mọ́. Òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé àfurasí débẹ̀, kò sì sí àdúgbò kan l'Ékòó wa yìí tí kóòtù jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí ẹ ti dì í mú ni wákàtí ti ń kà. Ìdí nìyí tí aago inú ìwé yín fi ṣe pàtàkì.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Òfin tó lòdì sí ìdálóró, ti ọdún 2017, kò gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ẹgba gbà. Mo ka á sí ìbànújẹ́ ńlá nígbà tí olè gidi bá rìn jáde ní kóòtù nítorí pé àwọn tó mú un ti lù ú nílùkulù. Bó bá ti farapa, ọsìbítù ló kàn kó tó kan téṣọ̀n. Bí ìbọn bá ba ẹnikẹ́ni, òfin mìíràn tọdún 2017 sọ pé kí ọsìbítù tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o.

Nǹkan tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kà á lójú rẹ̀ àti lójú ẹlẹ́rìí kan. Bó bá jẹ́ owó, ẹ kọ iye ẹgbẹ̀rún náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti igba náírà tó wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, ibi tí ojú rẹ̀ ti là, àti IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó ń jáde bí a bá tẹ *#06#. Ẹ má ṣí ohun mìíràn wò nínú rẹ̀. Ní káńtà téṣọ̀n, ẹ dúró títí wọn yóò fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹrù ẹ̀rí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á.

Ẹjọ́ tí yóò wọ́ pọ̀ jù ní ẹnu ọ̀nà yín, gbèsè ni. Owó àjọ, owó aṣọ ẹbí, owó ilé. Òfin Ọlọ́pàá 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè lásán tàbí àdéhùn tó yẹ̀, kò sì fàyè gba kí wọ́n mú ìyàwó tàbí ìyá ẹni tí wọ́n ń wá dípò rẹ̀. Níbí ni àdúgbò ti máa ń fẹ́ fi yín ṣe kóńdó. Ẹni tó jẹ gbèsè ń gbé òdìkejì òpópónà, ẹni tó ń bẹ̀ yín ló ya yín lówó ọjà lọ́dún tó kọjá, ó kàn ní kí ẹ “lọ dẹ́rù bà á” ni. Ẹ má lọ. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹ darí wọn sí Citizens' Mediation Centre ti iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Èkó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá èèyàn làjà níbẹ̀. Bó bá jọ pé aláàjọ fi jìbìtì kówó lọ, DPO ni yóò pinnu ìyẹn. Bí onílé bá sì ń ká páànù lórí ayálégbé láìsí àṣẹ kóòtù, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè, òfin ayálégbé Èkó ti 2011 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ pe téṣọ̀n. Ẹjọ́ tó bá kan mọ̀lẹ́bí, onílé tàbí oníbàárà yín, ẹ sọ fún DPO kó rán ẹlòmíì, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ sọ ọ́.

Bí wọ́n bá fipá bá ẹnìkan lò, ẹ má sọ fún un pé kó lọ wẹ̀ kó tó wá. Wíwẹ̀ ń fọ ẹ̀rí lọ. Aṣọ tó wọ̀, inú àpò bébà ni kí wọ́n kó o sí, torí nǹkan máa ń bu nínú ọ̀rá. Ẹ bá a dé ọsìbítù kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í wúlò lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel Centre wà ní ọsìbítù LASUTH, Ìkẹjà, láti 2013 fún irú ìtọ́jú yìí. Ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà ilé pé “ọ̀rọ̀ ẹbí ni” yóò pọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, kí ẹ sì máa lọ.

Ẹjọ́ lè pẹ́ púpọ̀ kó tó dé iwájú adájọ́ ní Yaba tàbí Tinúbú. Bí wọ́n bá pè yín ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ lè tọrọ àyè láti wo ìwé yín kí ẹ fi rántí, ṣùgbọ́n lọ́yà ẹnìkejì náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Nítorí náà, ẹ má kọ owó ọjà tàbí nọ́ńbà fóònù ọ̀rẹ́ yín sínú rẹ̀. Bó bá kún, ẹ jẹ́ kí DPO buwọ́ lù ú, ẹ fi sílẹ̀ ní téṣọ̀n, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ tuntun.