Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Lórí Apá Ọmọ Mi

Mo kọ èyí láti dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tó jẹ́ kí ọmọkùnrin mi lè gbé apá ọ̀tún rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbààwẹ̀ ti mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n oore yìí kò ṣeé sọ láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìgbẹ̀bí.

Ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Èkìtì, tí n kò ní dárúkọ, ni mo bí i sí. Ọmọ náà tóbi, ó lé ní kílò 4. Orí rẹ̀ ti jáde tán kí èjìká rẹ̀ tó há sẹ́yìn egungun iwájú ìbàdí mi, pàjáwìrì gidi sì ni èyí, nítorí pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ní láti yọ ọmọ tó bá há bẹ́ẹ̀ kí èémí tó wọ́n ọn. Ẹnì kan ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ òkè ikùn mi, ẹlòmíràn di orí ọmọ mú, ó ń fà á. Ọmọ jáde, ó ké, gbogbo wa yọ̀. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, pé yóò lọ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi ni kò gbà. Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n rí i pé bí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà, apá òsì nìkan ló ń jù sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àárẹ̀ kọ́ ló ń ṣe apá yìí o. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n." Ọlọ́run ló fi ojú yẹn fún wọn, títí ayé ni n ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì, dókítà ṣàlàyé fún wa pé láti inú ọrùn ni àwọn iṣan tó ń mú apá ṣiṣẹ́ ti ń wá, àti pé bí wọ́n bá fa orí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí èjìká há, àwọn iṣan náà lè nà kọjá ààlà, wọ́n tilẹ̀ lè já. Orúkọ Wilhelm Erb, oníṣègùn ará Jámánì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1874, ni wọ́n fi ń pè é: Erb's palsy. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń sàn bí iṣan náà bá nà lásán tí kò já, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá pé oṣù 3 tí kò lè ká apá níbi ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ rí oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n kìlọ̀ pé ká má ṣe fi apá gbé e jù sókè nígbà ìwẹ̀ bí a ti máa ń ṣe fún ọmọ tuntun. Obìnrin oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì kan, tí sùúrù rẹ̀ kọjá ohun tí mo lè sọ, kọ́ mi bí n ó ṣe máa ká apá náà, tí n ó máa nà án, ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Kí oṣù 3 tó pé, ọmọ mi ká apá rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà sẹ́nu! Èjìká rẹ̀ kò tíì gòkè tó ti òsì, a ṣì ń bá a lọ.

Àwọn kan nínú ìjọ ní níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run ti ṣe é, kí a fi ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ni pé bí èjìká bá há, kí wọ́n ká itan ìyá sókè mọ́ ikùn rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ìsàlẹ̀ ikùn, lókè egungun iwájú yẹn. Òkè ikùn kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣan lè nà lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ pàápàá, ìdí nìyẹn tí n kò fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. A kàn béèrè fáìlì mi ni, nítorí pé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí ìjọba gbé jáde ní 2018 fún wa láṣẹ láti rí i. Ohun tí a bá nínú rẹ̀ ni gbólóhùn kan tó wí pé mo bí wẹ́rẹ́. Kò sí àkókò tí orí jáde, kò sí àkókò tí ara tẹ̀ lé e, kò sí pé èjìká há rárá. Èyí dùn mí ju fífà náà lọ, nítorí pé ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi kọ́ agbẹ̀bí mìíràn. A ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà àti èyí tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni a ó gbé ọrẹ ìdúpẹ́ wa lọ síwájú pẹpẹ. Ìyá yòówù tí apá ọmọ rẹ̀ bá rọ láti ọjọ́ ìbí, kó gbé e wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Èmi fúnra mi ni n ó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tọ́jú tèmi.